Fíìmù Oscar 10 lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ṣé ó ṣeé ṣe, àbí ojú ayé lásán ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sọ́rọ̀ yìí kó tó dìjà. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti pinnu pé ní Sátidé kan báyìí, a máa jókòó, ká wo gbogbo fíìmù tí orúkọ wọn wọlé fún Best Picture, ìyẹn ẹ̀bùn fíìmù tó dáa jù lọ́dún, ní Oscar tán pátá, láti àárọ̀ kùtù títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ọ̀kan nínú wa ní wèrè ni, pé tó bá fi máa di fíìmù kẹrin kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń wò mọ́. Òmíì ní ká máa sá a, ká tẹ ìyára ẹ̀ sí 1.5 kó lè tètè tán. Ẹnì kan tún ní èyí téèyàn bá ti wò tẹ́lẹ̀ kó fò ó, àwọn tó kù ní ìrẹ́jẹ nìyẹn. Ti èwo la máa kọ́kọ́ wò gan-an ni kò ṣeé gbọ́ létí, wọ́n ti ń bú ara wọn lórí ẹ̀. Ṣé nǹkan gidi la fẹ́ ṣe ṣá, àbí ká jókòó sílé ká sùn?

* * *

Àbúrò, wèrè kọ́ o. Mo ti ṣe é rí, mo sì tún máa ṣe é. Àmọ́ ó jọ pé ẹ ò tíì mú bírò, torí ká ní ẹ ti ṣírò ni, nǹkan mìíràn lẹ ò bá máa jà lé lórí.

Ẹ gbé ti ọdún 2025 wò. The Brutalist nìkan, ìṣẹ́jú 215, títí kan ìsinmi ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n fi sáàárín ẹ̀. Dune: Part Two, 166. Wicked, 160. Èyí tó kúrú jù nínú gbogbo wọn, Conclave, wákàtí 2 gbáko ni. Tẹ́ ẹ bá ro mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, ó lé ní wákàtí 24. Ìyẹn ni pé ká tiẹ̀ ní ẹ ò jẹun, ẹ ò tọ̀, ẹ ò dìde ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, bí ọ̀kan ṣe ń parí lòmíì ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan ò gbà á. Ti 2024 dín díẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 23, torí Past Lives àti The Zone of Interest ò tó wákàtí 2 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Killers of the Flower Moon (ìṣẹ́jú 206) àti Oppenheimer (180) á ti gba wákàtí 6 ó lé lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ò ní ṣàì sọ pé ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Amẹ́ríkà wò wọ́n tán lọ́jọ́ kan. Ó lè jẹ́ òótọ́, ẹ bi í pé ọdún wo ni. Láti 1945 títí dé 2009, fíìmù 5 péré ló máa ń wọlé fún ẹ̀bùn yẹn. Lápá ìparí àkókò yẹn, AMC, àwọn tó ní ilé sinimá káàkiri ọ̀hún, á fi márààrún hàn tẹ̀léra-tẹ̀léra lọ́jọ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lo máa fi wo gbogbo ẹ̀. Ní 2010 wọ́n gbé e lọ sí 10, láti 2012 ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín 5 sí 10, látọdún 2022 ó ti dúró sí 10 gbọnin. Nígbà tí fíìmù pọ̀ báyẹn, AMC fúnra wọn sábà máa ń pín in sí Sátidé méjì ní ọ̀pọ̀ ilé sinimá wọn. Tí àwọn tó fi sinimá ṣòwò bá mọ̀ pé ọjọ́ kan kéré, àwa ta la jẹ́?

Torí náà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́jọ́ kan, rárá. Márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó ṣeé ṣe, ó sì dùn gan-an. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìjà tó kù.

* * *

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí 1.5, ẹ má pè é wá mọ́. Mò ń ṣeré o, àmọ́ n ò fi bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń wí ni pé báwọn ṣe ń gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ nìyẹn, báwọn ṣe ń gbọ́ ìwàásù nìyẹn, ó sì ń yé àwọn. Ó dáa. Lẹ́kíṣọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kún inú ẹ̀. Fíìmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọkọ ẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó yíjú padà. Ẹni tó gé fíìmù yẹn jókòó ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn fún ọjọ́ pípẹ́, ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún un, ó ń yọ ìdajì kúrò, kó lè dùn ẹ́ níbi tó yẹ kó ti dùn ẹ́. Ìwọ wá fi ìka kan tẹ gbogbo ẹ̀ dànù. Àwàdà gan-an ò ṣeé sá, torí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ pé kó o rẹ́rìn-ín, o ti sáré kọjá ẹ̀, ẹ̀rín á wá há ẹ lọ́nà ọ̀fun.

Mo dárúkọ The Zone of Interest lẹ́ẹ̀kan. Ẹbí kan ló wà níbẹ̀, ilé wọn lẹ́bàá ògiri ọgbà ìpànìyàn Auschwitz, ọgbà òdòdó, ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, gbogbo nǹkan tutù minimini. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì ògiri, wọn ò fi hàn wá, ìró ẹ̀ la kàn ń gbọ́, láti òkèèrè. Òun ló gba ẹ̀bùn ìró ohùn tó dáa jù ní Oscar 2024. Ẹ bá mi sọ ọ́, kí lẹ máa gbọ́ níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń sá a, tí ẹnì kan sì ń ya ọ̀rá bisikíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?

Ẹ tún ṣírò ẹ̀ wò. Wákàtí 24 ó lé yẹn, tẹ́ ẹ bá fi 1.5 pín in, á ṣì ku bíi wákàtí 16 àbọ̀. Ẹ ò jèrè oorun, ẹ ò jèrè fíìmù.

Àwọn tó ń dìbò Oscar pàápàá, wọ́n ti ká wọn mọ́. Ní oṣù kẹrin 2025, Academy, àjọ tó ń pín Oscar, kéde pé bẹ̀rẹ̀ látorí ayẹyẹ 2026, ẹni tó bá fẹ́ dìbò ìkẹyìn fún ẹ̀bùn kan gbọ́dọ̀ ti wo gbogbo fíìmù tó wọlé fún ẹ̀bùn ọ̀hún. Tó bá jẹ́ orí ojú òpó tiwọn lo ti wò ó, wọ́n á rí i. Tó bá jẹ́ ibòmíì, wàá kọ ibẹ̀ àti ìgbà tó o wò ó. Kó tó dìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀bùn yẹn, ẹ̀rí ọkàn oníkálukú nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Àṣé àwọn náà ń fò ó!

* * *

Ọ̀rọ̀ lórí èwo ni ká kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ mú sùúrù.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ká kọ orúkọ wọn sínú bébà, ká ká a, kí ọmọdé kan máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn, ó sì ń paná ìjà, ṣùgbọ́n bébà ò mọ̀ pé aago kan òru ti lù. Àwọn mìíì ní èyí tó kúrú jù ni kó ṣíwájú, kí ọkàn lè balẹ̀ pé a ti parí ọ̀kan. Àwọn tó pọ̀ jù ní èyí táwọn rò pé ó dáa jù ni kó gbẹ̀yìn, ká lè fi dídùn parí ẹ̀.

N ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó gùn jù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀, nígbà tójú ṣì mọ́ tí ẹ̀yìn ò tíì máa dunni. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ fíìmù wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ní aago mẹ́jọ, kó tó di ọ̀sán ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo èyí tó kù á wá dà bíi kékeré lójú yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tẹ́ ẹ wá rí i pé ìṣẹ́jú 215 lẹ fẹ́ wọ̀, ẹnì kan á dìde, á ní òun ń bọ̀, kò ní padà wá. Mo ti rí i. Bàtà ẹ̀ gan-an ló gbàgbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Èkejì, èyí táwọn èèyàn kì í rò: fíìmù tó jẹ́ subtitle lẹ máa fi kà á, ẹ má jẹ́ kó di alẹ́. Fíìmù tó ń sọ èdè tó yé yín, ojú lè pa dé fún ìṣẹ́jú kan, etí á ṣì máa gbọ́, ẹ ò ní sọnù. Èyí tó jẹ́ Pọtogí tàbí Jámánì tàbí èdè Kòríà, bójú bá ti pa dé, ìtàn ti lọ nìyẹn. Ní 2025, I'm Still Here àti Emilia Pérez, ọ̀sán ló tọ́ sí wọn. Ìwé kékeré tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ní aago méjì òru, ojú èèyàn á máa wò ó, ọpọlọ ò ní kà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ìbànújẹ́ lé ìbànújẹ́ lórí. Kì í ṣe pé ọkàn ò gbà á o, ó ń gbà á, ìṣòro ẹ̀ nìyẹn gan-an: fíìmù kejì ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ ti sunkún tán lórí ti àkọ́kọ́, ti èkejì á wá máa ṣe bí ẹni tó ń ṣàṣejù, ẹ ó máa sọ pé kò wọ̀ yín lára, bẹ́ẹ̀ omijé ló ti gbẹ. Ẹ fi nǹkan tó láriwo sáàárín wọn, nǹkan olórin, nǹkan ìjà, nǹkan tí wọ́n ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn.

Èyí tó láriwo jù nínú gbogbo wọn, ẹ fi í pamọ́ fún aago méjì sí mẹ́rin òru. Àkókò yẹn ni ara máa ń wúwo jù. Fíìmù tí ènìyàn méjì jókòó nínú yàrá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bó ti wù kó dáa tó, á pa gbogbo ilé sùn. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa sọ káàkiri pé fíìmù yẹn falẹ̀. Kò falẹ̀, oorun ló ń kùn yín. Ohun tó ń bí mi nínú jù nípa wíwo fíìmù mọ́jú nìyí, pé ẹjọ́ tí wọ́n dá fún fíìmù ní òru, wọn kì í tún un gbọ́. Ọdún á kọjá, ẹni yẹn á ṣì máa sọ pé fíìmù báyìí ò dáa, ẹ ò ní mọ̀ pé ìdajì ẹ̀ ló fi hanrun.

Ti pé èyí tó dáa jù ni kó gbẹ̀yìn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Èyí tó dáa jù, ojú tó dáa jù ló tọ́ sí i.

* * *

Ẹnì kan ní òun ò gbà pé ètò wíwò lè yí ìdájọ́ padà, pé fíìmù tó dáa dáa, èyí tí ò dáa ò dáa. Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tójú mi rí.

A wà nílé ọ̀rẹ́ mi kan, a pọ̀ díẹ̀, wọ́n ti paná, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń tàn sí wa lójú. Ilẹ̀ ti ṣú gan-an. Fíìmù tó ń lọ jẹ́ ti ilé ẹjọ́, bàbá kan wọlé, ó bọ́ fìlà, ó jókòó. Aunty kan tó jókòó sórí ẹní, tó ti dákẹ́ tipẹ́, wá bi wá léèrè, ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ mi, pé, "Ṣebí wọ́n ti pa eléyìí lẹ́ẹ̀kan?" A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó kú nínú fíìmù yẹn. Inú èyí tá a wò ṣíwájú ẹ̀ ni wọ́n ti pa bàbá kan tóun náà ní irùngbọ̀n funfun. Aunty ti so méjèèjì pọ̀, ó sì ti fi bíi wákàtí kan gbádùn fíìmù kan tí kò sẹ́ni tó ṣe é rí láyé. Nígbà tá a ṣàlàyé fún un, ó ní tòun gan-an ló dáa jù.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí ààyè díẹ̀ wà láàárín ọ̀kan sí òmíì, ìdajì wákàtí ó kéré tán. Ẹ tanná, ẹ dìde. Kí oníkálukú kọ gbólóhùn kan péré nípa èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò, kó tó gbé fóònù: orúkọ ẹni tí ìtàn dá lé, àti nǹkan kan tójú rí tí ò fẹ́ gbàgbé. Kì í ṣe ìdájọ́ o. Ìdájọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

* * *

Ẹni tó béèrè tún kọ

Ẹ̀gbọ́n, a dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnì kan bá sùn ńkọ́? Wọ́n ní tó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kò wò ó nìyẹn. Àti pé ṣé ká máa dá a dúró fún ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀?

* * *

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò jọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèyàn lè sun ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ kọjá nínú aginjù kó má pàdánù nǹkan kan, ó sì lè sun ìṣẹ́jú méjì péré kó má mọ ẹni tó ṣe é mọ́. Tèmi ni pé tí fíìmù bá parí, kí wọ́n bi í báwo lẹni yẹn ṣe dé ibi tó dé. Tó bá lè sọ ọ́, ó wò ó. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní "ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí wọ́n wá...", tó wá ń wo ojú ẹlòmíì kó lè gba ìdáhùn níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó lọ sùn dáadáa nínú yàrá, kó fi fíìmù kan sílẹ̀ pátápátá, ó sàn ju kó máa fi ojú kan wo mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ilé yín lẹ wà, ẹ dá a dúró. Àmọ́ ẹ má dá a dúró fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá wù ú, torí ẹ ó pín fíìmù sí wẹ́wẹ́. Ìdádúró kan péré fún fíìmù tó bá ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ, ní àárín, kí gbogbo ayé lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tó ní kò yẹ ká dá iṣẹ́ ọnà dúró wà o, wọn ò sì kéré. Nígbà tí Killers of the Flower Moon jáde ní 2023, àwọn ilé sinimá kan fi ìsinmi sí i fúnra wọn, àwọn tó ń pín fíìmù náà sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kíá. Ó yé mi. Àmọ́ ìṣẹ́jú 206 ni! Àwọn tó ṣe The Brutalist ló gbọ́n, wọ́n fi ìsinmi ìṣẹ́jú 15 sínú fíìmù gan-an, aago á máa ka ìṣẹ́jú sílẹ̀ lójú yín, gbogbo èèyàn á sáré lọ á sáré bọ̀. Nígbà láéláé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Gone with the Wind tó gba Best Picture ní 1940 sún mọ́ wákàtí mẹ́rin, ó sì ní ìsinmi tiẹ̀ láàárín.

* * *

Ti ẹni tó ti wo òmíì tẹ́lẹ̀: kó fò ó. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Àmọ́ kó jáde kúrò nínú yàrá, torí ẹni tó ti wo fíìmù tẹ́lẹ̀ ò lè panu mọ́. Á ní "ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ o, ẹ ṣáà wo ọwọ́ ẹ̀", gbogbo wa á wá máa wo ọwọ́, ó ti tú àṣírí tán.

* * *

Màmá kan kọ̀wé pé ẹsẹ̀ àwọn wú nígbà táwọn gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìjókòó ló fà á, ẹ̀jẹ̀ ò lọ kó bọ̀ dáadáa nínú ẹsẹ̀ tí ò rìn. Ẹni tó bá jókòó gbọọrọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá tó bá ti dàgbà, tó bá lóyún tàbí tó bá ti ní ìṣòro ẹ̀jẹ̀ dídì rí, kó má fi ìdìde ṣeré. Ìdajì wákàtí tí mo ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn, ẹ má fi jókòó síbòmíì, ẹ rìn.

Ojú náà ńkọ́? Téèyàn bá tẹjú mọ́ nǹkan tó ń tàn, kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ìdí ẹ̀ nìyẹn tójú fi máa ń gbẹ tó máa ń ta. Ẹ má wò ó nínú òkùnkùn birimù, ẹ tan iná kékeré kan sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Kọfí ò burú, àmọ́ wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tẹ́ ẹ mu ún, bí ìdajì ẹ̀ ṣì wà lára, torí náà èyí tẹ́ ẹ mu ní aago mẹ́ta òru ni ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí.

Èyí tí n ò fẹ́ kẹ́ni kankan fi ṣàwàdà: ẹ má wakọ̀ lọ sílé lẹ́yìn ẹ̀. CDC, àjọ tó ń rí sí ìlera ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹni tí ò sùn fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó 0.05%; tó bá di wákàtí 24, ó ti di 0.10%, ìyẹn sì ti kọjá 0.08% tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn fi ṣe ààlà fún awakọ̀. Ẹ sùn síbi tẹ́ ẹ ti wò ó. Ẹ gbé ìrọ̀rí dání.

* * *

Bọ̀dá kan bínú wọlé, ó ní kí ló kàn wá pẹ̀lú Oscar, pé ojúsàájú ló kún ibẹ̀, pé fíìmù tó dáa jù lọ́dún náà kì í tiẹ̀ wọlé. Bọ̀dá, n ò bá yín jiyàn púpọ̀. Ó di ayẹyẹ 2020 kí fíìmù tí kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gba Best Picture fún ìgbà àkọ́kọ́, Parasite láti Gúúsù Kòríà, bẹ́ẹ̀ 1929 ni wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn yìí. Ẹ wò ó, ọdún mélòó nìyẹn!

Àmọ́ ìdí tí mo fi fẹ́ràn kéèyàn wò wọ́n pọ̀ náà nìyẹn. Téèyàn bá wò ó lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún, kò ní rí i. Tẹ́ ẹ bá wo márùn-ún lọ́jọ́ kan, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun táwọn tó ń dìbò yẹn fẹ́ràn: èyí tó dá lórí èèyàn tó gbé láyé rí, èyí tó dá lórí ogun, èyí tó dá lórí òṣèré tàbí olórin. Àti gígùn, àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn kí nǹkan gùn! Marty tó gba ẹ̀bùn ọdún 1955, wákàtí kan àbọ̀ báyìí ni gbogbo ẹ̀. Ta ló máa ṣe irú ẹ̀ fún wọn lónìí?

Bọ̀dá, tí Best Picture ò bá wù yín, àwọn fíìmù kúkúrú wà o. Ẹ̀bùn mẹ́ta ni wọ́n ní fún un, ti àwòrán tí wọ́n yà, ti òṣèré, àti ti ìtàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an, fíìmù márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Fíìmù 15 lódindi, látinú orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, ẹ lè wò wọ́n tán láàárín àárọ̀ sí alẹ́ kẹ́ ẹ sì sùn nígbà tó yẹ. Ká ní èmi ni mò ń mú ẹni tí ò ṣe é rí wọlé, ibẹ̀ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ò bá dáa níbẹ̀, kó tó bí yín nínú ó ti tán.

* * *

Ẹ jẹ́ n padà sórí ìbéèrè, àbúrò.

Ẹ pín in sí Sátidé méjì, márùn-ún márùn-ún. Láti ìgbà tí wọ́n bá kéde orúkọ sí ìgbà tí wọ́n máa pín ẹ̀bùn, àyè wà: ní 2025, January 23 ni wọ́n kéde, March 2 ni ayẹyẹ. Ẹ kọ gígùn gbogbo wọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pín in, kí Sátidé kan má gba gbogbo àwọn tó gùn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó gùn jù, lẹ́yìn náà èyí tó ní subtitle, lẹ́yìn náà èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín, ẹ ó parí ṣáájú aago kan òru tẹ́ ẹ bá fọwọ́ mú àwọn ìsinmi yẹn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sì ní dandan àfi kí ilẹ̀ mọ́ bá yín lórí ẹ̀, ẹ fi ìkẹfà tó láriwo sí i.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sùn, ẹ dìbò, bí àwọn gan-an ṣe ń dì í ni kẹ́ ẹ ṣe é. Kí oníkálukú tò wọ́n láti 1 dé ìparí. Ẹ ka ipò kìíní gbogbo yín. Tí kò bá sí èyí tó ju ìdajì lọ, ẹ yọ èyí tó kéré jù kúrò, kẹ́ ẹ wá gbé bébà àwọn tó fi í sípò kìíní fún èyí tí wọ́n fi sípò kejì. Ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀kan á fi ju ìdajì lọ. Ẹ ó rí i pé fíìmù tó ń pariwo jù níbẹ̀rẹ̀ lè má gbé e. Nígbà kan tá a ṣe é, èyí tó kọ́kọ́ ń ṣíwájú ló pàdánù fún èyí tó jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ló fi í sípò kìíní, àmọ́ tí gbogbo wa fi sípò kejì tàbí ìkẹta. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pé òun ló ń polówó èyí tó pàdánù ka bébà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e sókè síbi iná bí ẹni tó ń wo ayédèrú owó.

Rìmóòtù, ẹni tó nilé ni kó mú un. Fóònù, ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbì kan, àfi ti ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé. Ẹni tó bá sì pẹ́ dé, kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ò ní dá fíìmù padà síbẹ̀rẹ̀ torí ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni pé ta nìyẹn.